Àtẹ́lẹwọ́ Lára Ògiri

Àtẹ́lẹwọ́ ọmọbìnrin kan ni Níyìọlá kọ́kọ́ rí. Ọmọbìnrin náà tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó dijú, bí ìyá tí ń fọwọ́ yẹ iwájú orí ọmọ wò bóyá ibà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó tó ki wáyà bọ ojú iná. Inú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Fẹ́sítáàkì ní Èkó ni, níbi tí ọmọbìnrin náà, Tẹjúmádé, ti ń to kọ̀ǹpútà fún àwọn oníbàárà.

Níyìọlá dúró wò ó. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó mọ̀ tí ń fọwọ́ kan ògiri bẹ́ẹ̀: ìyá rẹ̀, lójoojúmọ́, láti ìgbà tí ìbúgbàù gáàsì Abúlé Adó ti gba ọkọ àti ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ara ògiri le, Àǹtí?" ni ó fi ṣe àwàdà.

"Ara rẹ̀ le. Ẹ̀yin ńkọ́, Bọ̀dá?"

"Kọ̀ǹpútà ni mò ń wá, èyí tí màá so mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ wa, kí n máa fi wo fíìmù, kí n sì máa fi gbá géèmù."

"Ti pálọ̀ kò gbọdọ̀ pariwo, kò sì gbọdọ̀ gbóná. Ṣé ẹ ní sùúrù?"

"Bí ẹ bá jẹ́ kí n máa wá wò ó, mo ní."

Sátidé mẹ́ta ni ó fi wá. Ó ń wo Tẹjúmádé bí ó ti ń gbé pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń jókòó lé sínú àpótí pẹlẹbẹ, bí ó ti ń de fáànù mọ́ ọn, bí ó ti ń fi káàdì tí ń gbé àwòrán jáde sí ààyè rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di Sátidé kẹta, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn.

"Tẹjú, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Síkúrù kékeré bọ́ lọ́wọ́ Tẹjúmádé. "O ò lè dúró kí n dè é tán?"

"Ẹ̀rù ń bà mí pé bí o bá dè é tán, n kò ní rí ìdí tí màá fi wá mọ́."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà, olólùfẹ́. Ọjọ́ tí ó bá tàn ní pálọ̀ yín ni màá dá ọ lóhùn. Ṣé màmá rẹ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà yìí?"

"Wọ́n mọ̀."

Irọ́ ni. Ìyá rẹ̀ kì í fẹ́ kí ohun oníná tuntun kankan wọlé. Ti fìríìjì pàápàá, ọdún méjì ni Níyìọlá fi bẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí ìyá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Níyìọlá àti Tẹjúmádé gbé àpótí náà dé ilé ìyá náà ní àdúgbò Rájí Ràsákì. Tẹjúmádé fọwọ́ kan ògiri, ó so gbogbo wáyà, ó tẹ bọ́tìnnì. Fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú kirimú.

"Kí ló dé?"

"N kò tíì mọ̀," ni Tẹjúmádé dáhùn.

"Kí ló ń rùn?"

Ìyá Níyìọlá ni, lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ Àìkú ni ìbúgbàù ọjọ́sí ṣẹlẹ̀; ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ lọ́jọ́ náà, lọ́tẹ̀ yìí kò sì lè dúró kí ìsìn parí. Òórùn ike tuntun lásán ni ó gbọ́, ṣùgbọ́n kò béèrè àlàyé. Ó sáré dé ìdí súwíìṣì àgbà, ó pa iná gbogbo ilé. Fáànù dákẹ́.

"Níyìọlá, ṣé o fẹ́ kí iná jó èmi náà tẹ̀ lé bàbá rẹ ni?"

"Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ó yíjú sí Tẹjúmádé. "Ìwọ ọmọ yìí, kó ẹrù rẹ. N kò fẹ́ rí ọ nílé yìí mọ́."

Tẹjúmádé wo Níyìọlá. "O ní wọ́n mọ̀." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Ó yọ wáyà kúrò lójú iná. Bí ó ti mọ́ ọn lára, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ògiri, ó dijú.

Ìyá dúró sójú kan. "Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mà. Láti ọjọ́ Abúlé Adó ni. Ẹ̀gbọ́n mi bá a lọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ara ògiri ni iná yẹn ti wá. Ọwọ́ mi ni kò gbà."

"Apá ibo lẹ wà?"

"Ẹ̀yìn kànga, mà."

"Iwájú kànga ni àwa wà."

Ìyá gbé Bíbélì rẹ̀ sórí àga. Ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ lé ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọbìnrin náà.

"Ó tutù," ni ó wí.

"Ó tutù, mà."

"Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ tó báyìí, kí ló dé tí o ń ṣe irú iṣẹ́ yìí?"

"Kí n lè máa mọ ibi tí iná ń gbà, mà."

Ìyá mí kanlẹ̀, ó sì padà sí ìdí súwíìṣì. "Ẹ tún un so. Èmi ni màá tàn án, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò ní kúrò níbí."

Tẹjúmádé bẹ ẹ̀yìn àpótí wò, ó pòṣé. "Ìpayà ló jẹ́ kí n ṣì í! Ara pátákó ni mo ki wáyà tẹlifíṣọ̀n sí, dípò ara káàdì àwòrán."

"Ọ̀gá oníkọ̀ǹpútà!" ni Níyìọlá fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Panu dé, òpùrọ́. Ọ̀rọ̀ wa ṣì kù."

Ìyá tan iná. Tẹjúmádé tẹ bọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà ni ojú tẹlifíṣọ̀n là, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì kún pálọ̀.

"Ṣé ó ń gbóná?" ni ìyá béèrè.

Tẹjúmádé fọwọ́ kan àpótí. "Kò gbóná, mà."

"Èsì mi ńkọ́?" ni Níyìọlá rọra bi í.

Tẹjúmádé gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e láyà, ó sì dijú. "Ibí yìí ló gbóná. Níyì, má fi irọ́ bo ẹ̀rù fún mi mọ́. Bí ẹ̀rù bá bà ọ́, pè mí, ká jọ fọwọ́ kàn án."

"Mo ṣèlérí."

"Ó dáa. Màá fẹ́ ọ."

"Mò ń gbọ́ yín o," ni ìyá wí. "Ọmọ mi, sọ fún àwọn òbí rẹ pé à ń bọ̀ wá mọ̀ wọ́n."

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí súwíìṣì. Ṣùgbọ́n kò pa iná.