Kóòtù Ilésanmí Lóko Àna

Oòrùn oṣù kejì kì í ṣe ohun à ń bá ṣeré. Síbẹ̀, lọ́dún 1978, Ilésanmí, télọ̀ kan ní àdúgbò Adébáyọ̀ l'Ádó-Èkìtì, kó ọ̀rẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn lọ ṣe ọ̀wẹ̀ fún bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ n'Ìyìn-Èkìtì. Ebè iṣu ni wọ́n fẹ́ kọ. Ẹni tó ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ látàárọ̀ dalẹ́! Ó tún wá wọ kóòtù nínípọn tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, kí àna lè rí i pé òun mọṣẹ́.

Monínúọlá, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, gbé omi wá.

"Bọ̀dá Ilésanmí, ẹ bọ́ kóòtù yìí, kí ẹ mu omi."

"Kí bàbá rẹ lè pè mí ní ọ̀lẹ? Ó di ìgbà tí mo bá kọ àádọ́ta ebè!"

Alágídí! Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ara rẹ̀ gbóná janjan, ó ń ṣe ìrànrán, ó ní kí wọ́n gbé àlùmọ́gàjí tí òun fi ń gé aṣọ wá kí òun fi gé ilẹ̀. Ó bá ṣubú lulẹ̀ gbì.

Adébíyìí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pariwo pé, "Ẹ fi aṣọ bò ó!"

"Aṣọ kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?" Monínúọlá dáhùn. "Ẹ gbé e sábẹ́ igi!"

Ó bọ́ kóòtù náà lára Ilésanmí, ó da omi sí i lára, ó ní kí wọ́n máa fi ewé fẹ́ ẹ, ó sì ń ṣàlàyé fún wọn:

"Iṣẹ́ máa ń mú ara gbóná. Òógùn ni ara fi ń tu ara rẹ̀: bí atẹ́gùn bá ṣe ń gbẹ ẹ́ ló ń gbé ooru lọ. Ẹni tí kò mu omi, níbo ni òógùn rẹ̀ yóò ti wá? Kóòtù ò sì jẹ́ kí atẹ́gùn kàn án lára."

Nígbà tó lajú, wọ́n fún un lómi díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù.

Ọjọ́ kẹta, bàbá Monínúọlá wá bá a níbẹ̀. Ẹ̀rù ba Ilésanmí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ọmọ yín lọ́wọ́ mi."

"Àbí orí rẹ ò pé? O fẹ́ kí ọmọ mi di opó kó tó di ìyàwó! Tètè gbádùn, kí ẹ wá mú ọjọ́ ìgbéyàwó s'úlé mi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn, ẹ má dúró de òùngbẹ kí ẹ tó mu omi. Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ sinmi lábẹ́ igi lọ́sàn-án. Bí oòrùn bá mú ẹnì kan tó wá ń sọ ìsọkúsọ, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ gbé e síbi tútù, ẹ da omi sí i lára, ẹ má fi omi sí i lẹ́nu títí yóò fi lajú, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹni tó bá wà láàyè ló ń kọ ebè lọ́la.