Ìlédìí Tí Kò Lábàwọ́n

Ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì ni mo fi fọ ìlédìí ọmọ-ọmọ mi, n kò bá àbàwọ́n kankan jà rí. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún mú ìfura dání. Èmi ò fura. Ìgbẹ́ Ìbùkúnolúwa funfun bí ẹ̀kọ tútù, inú mi sì ń dùn!

Ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ ni wá ní Ikpinlè níbí, aṣọ funfun la mọ̀ mọ́ ìwà mímọ́. Mo wá ń fọ́nnu káàkiri pé ọmọ tí Judicaël ọmọ mi bí wọ sùtánà dénú ikùn. Àwọn ìyá ìjọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Carine, ìyàwó Judicaël, ló ń sọ jẹ́jẹ́ pé ojú ọmọ ń pọ́n, pé ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi tíì. Mo ní kó gbé e sí oòrùn àárọ̀, kó jẹ́ n gbádùn. Ẹnu mi mú, mo mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan gba ọ̀nà oko gbágùúdá yọ sí mi lẹ́yìnkùlé. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó jókòó sí òdìkejì báfù, ó ń bá mi fọṣọ. Ẹyinjú rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀: ó ń wọnú omi, gbígbẹ ló ń jáde. Orí mi wú.

Ó gbé ìlédìí kan tí n kò tíì fọ sókè sí oòrùn.

“Funfun yìí kì í ṣe mímọ́ o,” ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Òróòro ló ń fún ìgbẹ́ láwọ̀. Ọ̀nà tirẹ̀ ti dí, ó ń padà sínú ẹ̀dọ̀. Tó bá fi lè kọjá oṣù méjì, ó lè pẹ́ jù. Ẹ má fọ eléyìí. Ẹ mú un dání.”

Mo bi í pé ọmọ ilé ta ni, tó fẹ́ kọ́ mi ní ìgbẹ́ ọmọ. Ó kàn rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ mú ọṣẹ. Ìgbà tí mo gbójú sókè, kò séèyàn. Mo sáré pe Carine. Kí oòrùn tó gbóná, a ti wà lórí ọ̀kadà zémì, ìlédìí ẹlẹ́gbin nínú ọ̀rá lọ́wọ́ mi.

Ní ọsibítù ní Kùtọnu, dókítà kan tó ń jẹ́ Gildas tú ọ̀rá náà. Ó ní àwọn ìyá máa ń fọ ẹ̀rí dànù kí wọ́n tó wá. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ, wọn ò jẹ́ kó mu ọmú fún wákàtí díẹ̀ kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ wo ikùn rẹ̀. Àpò òróòro ti súnkì. Wọ́n là á, wọ́n so ìfun mọ́ ẹ̀dọ̀. Dókítà ní kì í ṣe gbogbo ọmọ ni iṣẹ́ abẹ yìí ń ṣiṣẹ́ fún. Ká máa wo àwọ̀ ìgbẹ́.

Lọ́jọ́ kẹfà, ọmọ yàgbẹ́: àwọ̀ ewé, ó rùn, ó lẹ̀ mọ́ aṣọ. Mo jó yí ibùsùn ká. Àwọn abiyamọ tó kù ń pàtẹ́wọ́ fún ìgbẹ́, ẹ wo ayé!

Dókítà wá mú fáìlì. Ó ní àìsàn yìí kì í sábà jẹ́ àjogúnbá, àmọ́ ṣé ó ti ṣe ọmọ kankan rí nílé wa? Mo ní àkọ́bí mi obìnrin, ojú rẹ̀ pọ́n bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́jọ péré ló lò, ọdún mẹ́tàdínlógójì sẹ́yìn. Láti ìgbà tí mo ti bí èkejì, Màmá Judicaël ni gbogbo Ikpinlè ń pè mí. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi orúkọ ti àkọ́kọ́ pè mí mọ́.

Ìgbà náà ni ìkíni tí ọmọbìnrin yẹn kí mi lẹ́yìnkùlé ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí mi létí, mo sì bú sẹ́kún ayọ̀ níwájú dókítà:

“Ẹ káàárọ̀, Ìyá Oyèkẹ́mi.”