Omi Tí Nigar Kò Dà

Ta ló da omi yẹn? Sevilay ò tíì rí ìdáhùn rẹ̀ títí dòní. Ẹ má pè é ní àlọ́ o. Ilé olókùúta náà ṣì wà létí òkun, ní ilẹ̀ Tọ́kì. Ojú Sevilay ló ṣe.

Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ti lé gbogbo ayé wọlé lọ sùn. Kò sí ìró ẹsẹ̀. Ajá ò gbó. Sevilay jí, ó bá ẹnu ọ̀nà ní tútù rinrin, bí ìgbà tí àwọn ará ibẹ̀ bá da omi tẹ̀lé arìnrìn-àjò, pé kó lọ bí omi, kó bọ̀ bí omi. Bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan ò rìnrìn-àjò. Ọkọ rẹ̀ ti wà lójú òkun láti ọjọ́ mẹ́ta. Sevilay fọwọ́ kan jọ́ọ̀gì idẹ tó wà lórí ìṣó. Ó gbẹ.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ da omi síbí?"

Nigar, ìyá àgbà ọkọ rẹ̀, ò gbójú sókè. "Èmi tí mò ń pe Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó dìde? Àbí ìwọ lo tọ̀ sílẹ̀, ìyàwó?"

Sevilay rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, omi náà ti wọ inú ilé. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Taylan, ọmọ rẹ̀ olóṣù mẹ́rin. Ọmọ náà ò sunkún. Ó lajú sílẹ̀, ó ń wo nǹkan kan lókè orí rẹ̀, ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lọ, ó ń tẹ̀ lé e bọ̀.

Sevilay já a gbà mọ́ra. "Mò ń gbé ọmọ mi lọ sílé ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi dúró."

"Nǹkan yìí á tẹ̀ lé ọ débẹ̀." Nigar nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Àṣegbé kan ò sí, ìyàwó. Evantia ló nilé yìí. Gíríìkì ni, ọ̀rẹ́ mi ni. Lọ́dún tí wọ́n lé àwọn Gíríìkì lọ, ó gbé ọmọbìnrin rẹ̀ dání, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ó ń retí kí n da omi tẹ̀lé òun. Jọ́ọ̀gì kún lọ́wọ́ mi. Mi ò dà á."

"Kí ló dé?"

"Mi ò fẹ́ kó padà. Mo fẹ́ ilé rẹ̀. Àwọn Gíríìkì lé àwa náà kúrò ní erékùṣù Kírétè nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ta ló da omi tẹ̀lé wa? Mo ní ó kàn wọ́n nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣé Evantia ló lé mi?"

Ó dìde. Kò tilẹ̀ pe Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan. Ó bu omi kún jọ́ọ̀gì, ó dà á síta.

"Evantia, mo ṣẹ̀ ọ́. Lọ bí omi. Bọ̀ bí omi."

Ilé pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn wọn, ẹnì kan mí kanlẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Taylan gbójú kọjá èjìká ìyá rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Sevilay ò lè yíjú.

Nígbà tó máa fi yíjú, kò sẹ́nì kankan. Ṣùgbọ́n ìbọ̀sẹ̀ òsì Taylan, èyí tí Nigar kì í jẹ́ kí wọ́n bọ́ bí ooru ṣe wù kó mú tó, wà lórí ibùsùn. Wọ́n ká a dáadáa. Ó tutù.

Omi ò tún hàn mọ́ nínú ilé náà.

Ogún ọdún kọjá. Nigar ti kú. Arábìnrin kan wọ ọkọ̀ ojú omi dé láti Mitilene, erékùṣù àwọn Gíríìkì tó wà lódìkejì òkun. Ọmọ Evantia ni. Ó mu kọfí. Ó ní, "Ẹ má bínú fún ohun tí àwọn baba wa ṣe fún yín ní Kírétè." Lẹ́yìn náà ló wá sọ bí ìyá òun ṣe kú. Ọdún méjì ni kò fi dìde lórí ibùsùn, kò sì sọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kú, ó lanu.

"Ó ní, 'Nigar ti da omi náà. Mo délé. Ọmọkùnrin kan wà ní yàrá wa. Àmì dúdú kan wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ òsì rẹ̀.'"

Àwọn ará ilé nìkan ló mọ àmì ẹsẹ̀ Taylan. Sevilay bi í léèrè ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú. Ọjọ́ tí Nigar da omi gan-an ni.