Ìdọ̀bálẹ̀ Adétóyè

Lábẹ́ igi máńgòrò kan nítòsí ilé iṣẹ́ rélùwéè Ọ̀fà ni Àrìnpé ti rí ọkùnrin náà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó dijú, kò mira. Epo ẹ́ńjìnnì ti ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tutù, ó sì dùn ún wò. Adùn ojú náà kò tíì kúrò lọ́kàn Àrìnpé tí ẹ̀rù fi bà á pé onítọ̀hún ti dákú.

Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó fi eyín ya ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó dà á lé e lórí.

"Yéè! Kí ni mo ṣe fún yín?"

"Ẹ ò kú?"

"Mò ń mí ni!"

"Gbogbo wa là ń mí. Àwa kì í dijú sí i."

Bí ẹ̀rín ṣe pa àwọn méjèèjì nìyẹn. Adétóyè ni orúkọ rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ló ń tún ṣe. Ó ní nígbà kan, ariwo ẹ́ńjìnnì kì í kúrò létí òun, oorun kì í wá, ẹ̀jẹ̀ òun ń ru, bí oníbàárà bá sì sọ̀rọ̀ kan, òun á gbaná jẹ. Nọ́ọ̀sì kan fún un lóògùn, ó sì kọ́ ọ pé kó máa jókòó jẹ́ẹ́ lójoojúmọ́, kó fọkàn sí èémí rẹ̀ bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Bí ọkàn bá sá lọ, kó rọra pè é padà, kó má bá a jà.

"Ibo lọkàn yín máa ń sá lọ?" Àrìnpé bèèrè.

"Ṣọ́ọ̀bù ni tẹ́lẹ̀. Láti òní lọ, mi ò lè ṣèlérí mọ́."

Tíṣà ni Àrìnpé, orí fífọ́ ló sì máa ń gbé bọ̀ láti kíláàsì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó ti Adétóyè lórí bẹ́ǹṣì náà. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi ṣàkíyèsí pé Àǹtí ò pariwo mọ́. Ìfẹ́ ti wọlé, kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

Ìyá Àrìnpé ló fẹ́ bà á jẹ́. Opó ni, ọmọ kan ṣoṣo tó kù sílé pẹ̀lú rẹ̀ náà sì ni Àrìnpé.

"Onígbàgbọ́ wo ló ń dijú tí kò gbàdúrà?" ni Mummy wí. "Ẹgbẹ́ awo ni! Kò ní fẹ́ ọmọ mi."

Àrìnpé sunkún dé ọ̀dọ̀ Adétóyè. "Mi ò lè lọ láìjẹ́ pé Mummy súre fún mi."

"Èmi náà ò ní jí ọ gbé, olólùfẹ́ mi. Jẹ́ kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn."

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ Mummy, lójú Àrìnpé. Ẹ sì mọ̀ ọ́n, àna kì í dìde àfi tí àgbà bá ní kó dìde. Mummy ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó, ó ń wò ó. Ó fẹ́ kí inú bí i, kóun lè rí ohun tóun máa fi lé e jáde.

Inú kọ́kọ́ bí Adétóyè lóòótọ́. Ó rọra pe ọkàn rẹ̀ padà sórí èémí rẹ̀. Nígbà tó dákẹ́ dáadáa, ó gbọ́ èémí ẹlòmíràn.

"Ṣé o ti sùn ni?" Mummy bèèrè.

"Rárá, ma. Mò ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí ni. Ó ń yá jù. Mummy, kí ló ń bà yín lẹ́rù?"

Kò sẹ́ni tó bi í ní irú ìbéèrè yẹn láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó fẹ́ jágbe, omijé ló jáde.

"Tó o bá mú un lọ, ta ni yóò kù nílé yìí pẹ̀lú mi? Mi ò kì í rí oorun sùn mọ́."

"Ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà, ma. A ó máa wá jókòó tì yín."

"Kẹ́ ẹ máa ṣe kí ni?"

"Ká jọ máa mí, ma."

Ẹ̀rín gba ẹnu Mummy nínú ẹkún. "Dìde, ọkọ ọmọ mi."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, wọ́n dijú. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Mummy bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

"Ṣé kí n da omi sí wọn lórí ni?" Adétóyè sọ sí Àrìnpé létí.

Àrìnpé gbá a lọ́wọ́, kò sì fi ọwọ́ náà sílẹ̀ mọ́. "Jẹ́ kí wọ́n sùn," ló wí. "Tí wọ́n bá jí, a ó bi wọ́n léèrè ọjọ́ ìgbéyàwó."