Súìtì Abẹ́ Ẹ̀rẹ̀kẹ́

"Ya ẹnu."

Màmá mi di àgbọ̀n mi mú. Tépù ìránṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí ìdí ẹ̀rọ ló ti sáré wá nígbà tó gbọ́ tí mo ń kérora.

"Mo ní o ya ẹnu!"

Mo ya ibi tí mo lè yà, omijé sì bọ́ lójú mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì ti wú, ó ń dán, ó sì gbóná. Aago méje àárọ̀ ni. Ní aago mẹ́wàá, àṣekágbá ìdíje díbéètì láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀, èmi sì ni agbọ̀rọ̀sọ àkọ́kọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ipò yìí. Kíláàsì tó kẹ́yìn ni mo sì wà, kò sí pé bóyá lọ́dún tó ń bọ̀.

"Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Àná ni, mà."

"Irọ́ ńlá! Èyí tó wú báyìí kì í ṣe ti àná."

Irọ́ ni lóòótọ́. Ó ti lé ní oṣù méjì. Inú bí mi sí eyín náà, ó bí mi sí Màmá tó ń bi mí léèrè, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni inú bí mi sí jù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú ẹgbẹ́ díbéètì wa, àṣà kan wà tí a bá lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú wa: ẹni tó bá ń múra ìdíje gbọ́dọ̀ fi súìtì sí abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ọ̀fun rẹ̀ má baà gbẹ. Olùkọ́ wa ní omi ni ká máa mu, àmọ́ ta ló ń dá a lóhùn? Láti àárọ̀ títí di ìgbà tí ìdánrawò bá parí ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀kan ò ní tíì yọ́ tán kí n tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Apá òsì ni mo máa ń tọ́jú rẹ̀ sí, kó má baà dí ahọ́n mi lọ́wọ́.

Mo ń fọ eyín o! Kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní ọ̀bùn. Ṣùgbọ́n àwọn ti iwájú ni mo ń fọ̀ dáadáa, àwọn tó ń hàn bí mo bá rẹ́rìn-ín sí àwọn adájọ́. Ta ló ń wo ti ẹ̀yìn?

Nígbà tí omi tútù kọ́kọ́ ta mí léyín, mo fi díńgí wò ó, mo rí àmì dúdú kékeré kan. Mo panu mọ́. Bí mo bá sọ fún Màmá, ilé ìwòsàn yá nìyẹn, màá pa ìdánrawò jẹ, wọn á sì fi Jẹ́jẹ́ rọ́pò mi. Jẹ́jẹ́ ni igbákejì mi. A sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Mo bá ń lo oògùn ara ríro, mo ń fi apá ọ̀tún jẹun. Nígbà tó yá, ìrora náà dáwọ́ dúró pátápátá. Háà, inú mi dùn! Mo rò pé mo ti borí.

Dókítà eyín tí Màmá wọ́ mi lọ bá jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó ń gun àpótí kó tó rí ẹnu aláìsàn.

"Dókítà, kòkòrò ló ń jẹ ẹ́," ni Màmá wí. "Ẹ bá wa fa ìdin náà jáde."

"Kò sí ìdin níbẹ̀, Màmá. Kòkòrò wà, àmọ́ ojú lásán ò lè rí i."

Ó fi òwú pa aró pupa kan sí eyín mi, ó ní kí n fi omi yọ ẹnu, ó wá gbé díńgí fún mi. Àwọn ti iwájú mọ́. Àwọn ti ẹ̀yìn pọ́n koko. Ojú tì mí.

"Èérí tó lẹ̀ mọ́ eyín ló gba aró yẹn," ni dókítà sọ. "Inú rẹ̀ ni àwọn kòkòrò ń gbé. Tí o bá ti jẹ ṣúgà, àwọn náà á jẹ ẹ́, wọ́n á tu omi kíkan sílẹ̀, omi yẹn ló ń jẹ eyín. Itọ́ ẹnu máa ń tún un ṣe tí a bá fún un láyè. Ìwọ fún un láyè?"

Mo mi orí pé rárá.

"Ká ní o wá nígbà tó jẹ́ àmì dúdú, dídí ni ǹ bá dí i. Ìgbà tí ìrora dúró yẹn gan-an ni inú eyín kú. Yíyọ ló kù."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n lọ sọ̀rọ̀ ná, màá padà wá."

"Ọyún tó wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ò mọ̀ pé o ní díbéètì."

Màmá pe olùkọ́ wa. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, wọ́n ti yọ eyín náà, òwú ni mo deyín mọ́, wọ́n sì ní n ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sán, Jẹ́jẹ́ wá sílé wa tòun ti aṣọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́rùn. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Máàkì méjì ni wọ́n fi jù wá," ló wí. "Adájọ́ bi mí pé, bí a bá fòfin de fóònù nílé ẹ̀kọ́, báwo ni ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá ṣe máa pe ilé? Mo kàn dúró, mo ń wò wọ́n. Kí ni ìwọ ì bá sọ?"

Mo fa ìwé, mo kọ ọ́: *Fóònù kan á wà ní ọ́fíìsì, akọ̀wé á sì máa bá ọmọ pe ilé.*

Jẹ́jẹ́ kà á, ó tún un kà. "Kò ju báyìí lọ?" Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fọ eyín yín débi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí i. Ẹ má fi ẹnu ṣe ilé súìtì. Ìrora tó bá sì kọ́kọ́ yọjú, ẹ sọ ọ́ fún àwọn òbí yín, torí kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Mo bo ti èmi mọ́ra kí n má baà pàdánù ìdánrawò ọjọ́ kan, ìdíje gan-an ni mo wá pàdánù.

Mo mọ ìdáhùn yẹn. Mo ṣì mọ̀ ọ́n dòní.