Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Ọkọ̀

"Ọ̀gá Iná, ṣé a lè tanná?"

Dókítà ojú ló yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀, tó ń pariwo. Ọmọbìnrin tó wà nídìí jẹnẹrétọ̀ juwọ́ sí i. "Ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i, mà! Ara rẹ̀ ò tíì gbóná!"

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ọ̀gá Iná yìí, Dókítà ló sì sọ ọ́ lórúkọ ìnagijẹ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tó ti ṣe ìdánwò àṣejáde tó ń retí èsì, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ló wà. Bọ̀ọ̀dá yìí ló ń wa ọkọ̀ ńlá kan tí wọ́n sọ di ilé ìwòsàn ojú, tó ń lọ láti ìlú dé ìlú. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ni jẹnẹrétọ̀ tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì wà, nínú yàrá kékeré onílẹ̀kùn irin. Láràárọ̀, ọmọ náà á fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, á nù ún, á tún tì í bọ̀ ọ́ kó tó wò ó. Á yẹ omi rédíétọ̀ wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Tó bá tan án, á jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lófìfo fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó gbé iná fún Dókítà. Òfin méjì péré ni Bọ̀ọ̀dá fi lé e lọ́wọ́: "Tó bá ti ń ṣiṣẹ́, o ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. O ò sì gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn yìí, ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde."

Ẹ wò ó, iṣẹ́ náà rọrùn, àmọ́ àdánìkanwà inú rẹ̀ fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Ariwo ẹ́ńjìnnì ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè bá a sọ̀rọ̀. Àwọn tó tò síwájú ọkọ̀ á máa ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn, eyín wọn nìkan ló ń rí. Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Tó bá ti jẹun alẹ́ tán, ó di "ó dàárọ̀" nìyẹn. Ìlú tí ọmọ náà bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀, wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́ kúrò níbẹ̀.

Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń wá a. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú òkèèrè, aago mọ́kànlá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ nìkan ló sì ń ráyè pè é. Ọjọ́bọ̀ méjì sẹ́yìn, "Ṣé ò ń gbọ́ mi?" nìkan ni ọmọ náà gbọ́. Ìyá pariwo, ọmọ pariwo, nígbà tó sú ìyá, ó pa fóònù.

Òní náà, Ọjọ́bọ̀ ni. Kó tó tan ẹ́ńjìnnì láàárọ̀, bàbá télọ̀ kan tó ti ọ̀nà jíjìn wá ti bá a ṣàwàdà. "Ọmọ mi, tí mo bá mú òwú, ihò abẹ́rẹ́ á sá. Tí mo bá mú ihò, òwú á sá. Àwọn méjèèjì ti gbìmọ̀ pọ̀ lé mi lórí."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Aago mọ́kànlá lù, fóònù dún. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ló bá yọ ilẹ̀kùn irin lára ìkọ́ tó mú un ṣí sílẹ̀, ó tì í pa láti ìta. Ariwo rọlẹ̀.

"Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, Màmá! Mò ń gbọ́ yín!"

"Ọmọ mi, má bínú. Mi ò ní lè wálé lọ́dún yìí. Wọn ò fún mi láyè."

Ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn ìyẹn, kò rántí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ pa fóònù, ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn tó tì, ó ń sunkún. Ìgbà tí irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó o lẹ́yìn ló tó fò dìde. Ó ti pẹ́ jù. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Nínú ọkọ̀, òkùnkùn bo bàbá télọ̀ níbi tó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ àyẹ̀wò.

Bọ̀ọ̀dá sáré dé, ó ṣílẹ̀kùn, ooru rọ́ lù ú lójú. "Yéè! Gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì ti jó, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ lónìí!" Ó wo ìkọ́. "Afẹ́fẹ́ ló ti ilẹ̀kùn yìí. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ọjọ́ wo ni mo ti ń sọ pé mo máa pààrọ̀ ìkọ́ rẹ̀!"

Ọmọ náà lanu, ó tún pa á dé. Kò tiẹ̀ ní láti parọ́, kó ṣáà ti dákẹ́ ni. Ó sì dákẹ́.

Dókítà jáde, ojú rẹ̀ le. "Dírẹ́bà, mo máa kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá pé àìbìkítà yín ló fa èyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Bọ̀ọ̀dá wí, ó sorí kọ́.

Bàbá télọ̀ ń fẹsẹ̀ tálẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. "Ìgbà wo lẹ máa padà wá?"

"Ó di oṣù mẹ́ta, Bàbá," ni Dókítà dáhùn.

Ara ọmọ náà ò gbà á mọ́. "Kì í ṣe afẹ́fẹ́," ó ní. "Èmi ni mo tì í. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn màmá mi ni."

Bọ̀ọ̀dá yíjú sí i. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré! O ò lè ní kí n pa á fún ẹ ni?"

"Ẹ kì í bá mi sọ̀rọ̀, Bọ̀ọ̀dá. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Màmá ní àwọn ò ní wálé lọ́dún yìí."

Ẹ̀gbọ́n Bọ̀ọ̀dá kan ṣoṣo nìyẹn, òun náà ń retí rẹ̀. Ó jókòó ti ọmọ náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Dókítà kọ̀wé náà, orúkọ ọmọ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n gba jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù kan gbáko, ó ń gbálẹ̀ ọkọ̀. Bàbá télọ̀ sì padà sílé láìrí awò ojú.

Nígbà tí wọ́n padà dé ìlú náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ní Ọjọ́bọ̀ kan, bàbá yìí kan náà ló ṣáájú ìlà, ó fi aṣọ di ìka méjì tí abẹ́rẹ́ gún. Ojú ti ọmọ náà, ó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, Dókítà pa àwọn ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀gá Iná jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi díẹ̀, òun náà pa á.

"Kí ló tún dé?" ni àwọn tó wà lórí ìlà ń bi ara wọn.

"Ìyá Ọ̀gá Iná fẹ́ pè é," ni Dókítà wí.

Bàbá télọ̀ na ìka rẹ̀ tó dì sókè. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀! Mo ti fi oṣù mẹ́ta dúró, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò ní fọ́ mi lójú."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí ìtìjú nínú kéèyàn dá nìkan wà kó sì sọ ọ́ jáde. Ẹ wá ẹnì kan sọ ọ́ fún kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ yín, torí ohun tí ọmọ yìí ìbá fi ẹnu béèrè, ìka ẹlòmíràn ló gbọgbẹ́ rẹ̀.

Fóònù dún. Bọ̀ọ̀dá ti jókòó ti ọmọ náà.

"Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, Màmá. Bọ̀ọ̀dá náà ń gbọ́ yín."