Orí Tí Velina Mì

"Rárá o, àwa kì í ṣe irú ìyẹn níbí," ni obìnrin orí fóònù náà wí, ó sì gbé e sílẹ̀.

Zornitsa fi bírò fagi lé nọ́ńbà keje. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé ìwé wọn ní ìlú Sliven, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró lójú kan. Atẹ́gùn orí òkè fẹ́ẹ́ já ìwé nọ́ńbà náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Olùtọ́jú ọkàn àkọ́kọ́ tó pè ní òun kò ráyè títí di oṣù kẹsàn-án. Ẹnì kejì ní tọkọtaya tó ń jà lòun ń bá làjà. Ẹnì kẹta kò tilẹ̀ gbé e. Bẹ́ẹ̀ ìdánwò àṣekágbá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré!

Nígbà ìdánwò ìgbáradì oṣù kẹta ni wàhálà náà bẹ̀rẹ̀. Àyà ọmọ yìí ṣàdédé ń já, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, èémí kò tó o. Ó fò dìde, ó sá jáde, ó fi ìwé ìdánwò sílẹ̀ ní funfun báláú. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rántí yàrá ìdánwò báyìí, ẹ̀rù á tún bò ó. Kò sì sí ohun tó wù ú láyé bíi kó di dókítà ẹranko. Láti kékeré ló ti ń bá ìyá rẹ̀ àgbà gbẹ̀bí ewúrẹ́. Tí kò bá yege, yunifásítì di àlá nìyẹn.

Olùgbaninímọ̀ràn ilé ìwé ló fọ̀nà hàn án. "Lọ wá olùtọ́jú ọkàn tó ń ṣe ti ìgbàmọ́ra àti ìfarajìn," ló wí. "Wọn kì í bá ẹ̀rù jà. Wọ́n á kọ́ ẹ bí wàá ṣe gbà á mọ́ra, tí wàá sì máa ṣe ohun tó jẹ ẹ́ lógún lọ."

Nígbà tí ìyá àgbà, Nedelka, gbọ́, ó pòṣé. "Ìgbàmọ́ra kẹ̀? Ṣé gba-kámú ni wọ́n fi ń ṣètọ́jú ọmọ báyìí? Jókòó, jẹ́ kí n yọ́ òjé fún ẹ."

Ó yọ́ òjé lórí iná, ó dà á sínú abọ́ omi lókè orí ọmọ náà, bí àwọn ìyá rẹ̀ ti ń ṣe láti fi lé ẹ̀rù. Òjé náà dún ṣàà, ó dì, àwòrán ohun tó dẹ́rù bani a sì máa hàn lára rẹ̀. Ìyá àgbà yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ajá ni! Ajá ló dẹ́rù bà ẹ́!"

"Màmá àgbà, èmi àti ajá ò níjà. Èmi tí mo fẹ́ máa tọ́jú wọn!"

Gergana ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà gbé tiẹ̀ dé. Oògùn ni. "Ti màmá mi ni. Tí o bá lo ẹyọ kan péré, ọkàn ẹ á rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ta ló máa mọ̀?" Zornitsa tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì rẹ̀. Kò lò ó, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ nù.

Nọ́ńbà kẹjọ ló wá bọ́ sí i. "Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn," ni ohùn kan wí láti ìlú Stara Zagora. "Máa bọ̀ lọ́jọ́bọ̀."

Velina ni orúkọ obìnrin náà. Orí rẹ̀ ti ń hewú, kò sì tíì pé oṣù mẹ́fà tó ti Jámánì dé, lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún. Kò bi Zornitsa ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ní tààrà. Ohun tó béèrè ni ìdí tó fi fẹ́ ṣe ìdánwò. Zornitsa bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ ewúrẹ́, ó rojọ́ ewúrẹ́ títí, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ló rántí ohun tó bá wá.

"Ẹ máa lé ẹ̀rù náà lọ, àbí, mà?"

"Rárá o. Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn fún ẹ."

Zornitsa sún mọ́ ọn. "Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé mo lè wọ yàrá ìdánwò tòun ti ẹ̀rù yìí, kí n sì ṣe é parí?"

Velina ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tíì sẹ́nu ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì mi orí sókè sódò, sókè sódò.

Zornitsa gbé báàgì rẹ̀. Ní ilẹ̀ tiwọn, ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó mi orí sókè sódò, rárá ló wí? Ẹni tó bá gbọn tiẹ̀ sọ́tùn-ún sósì ló gbà. "Mo ti gbọ́, mà," ló wí. Kí Velina tó gbé tíì mì, ọmọ ti sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Lọ́jọ́ Ajé, ìdánwò ìgbáradì kejì dé. Oògùn Gergana bọ́ sẹ́nu, kì í ṣe ẹyọ kan, méjì ni. Ojú ìwé àkọ́kọ́ kò tíì tán tí lẹ́tà fi ń lúwẹ̀ẹ́ lójú rẹ̀. Ó gborí lé tábìlì, ó sùn lọ fọnfọn, wọ́n jí i títí, kò jí. Ilé ìwòsàn ló lajú sí. Dókítà ní ọpẹ́lọpẹ́ pé méjì péré ni. Gergana fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀ tó ni oògùn, ó ń sunkún.

Zornitsa ní wọ́n ti sọ fún òun pé òun ò lè ṣe é. "Ta ló ní o ò lè ṣe é?" ni ìyá àgbà béèrè nígbà tí wọ́n délé. Nígbà tó gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó já fóònù gbà, ó pe Velina. "Ìwọ obìnrin yìí! Ọmọ mi béèrè bóyá òun lè ṣe é, o wá mi orí fún un pé rárá! Ṣé o bímọ ṣá?"

"Màmá, mo mi orí báwo?"

"Sókè sódò!"

Velina figbe ta. "Yéè, mo gbé! Bẹ́ẹ̀ ni ni mo ń sọ! Ẹsẹ̀ mi ló ti Jámánì dé, màmá, orí mi ò tíì dé!"

Ìyá àgbà fẹ́ bínú sí i, ṣùgbọ́n ó bú sẹ́rìn-ín. Zornitsa kò rẹ́rìn-ín. Ó gba fóònù. "Kí ló dé tí ẹ ò pè mí padà?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pè ẹ́, o ò gbé e." Òótọ́ ni. "Àṣìṣe orí tèmi ni, mo tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí o ò béèrè lẹ́ẹ̀kejì?"

"Ẹ̀rù bà mí."

"O sì sá?"

"Mo sá."

"Bí o ṣe sá nínú oṣù kẹta nìyẹn, bí o ṣe sá sínú oògùn nìyẹn. Ẹ̀rù kọ́ ló ń ba nǹkan rẹ jẹ́, ọmọ mi. Sísá ni."

Ìyá àgbà sún mọ́ fóònù. "Àbí bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, lẹ ń wí?"

"Òun gan-an ni, màmá!"

"Ẹ ò wá tètè sọ bẹ́ẹ̀! Ìgbàmọ́ra, ìfarajìn, ẹ fẹ́ẹ́ pa mí!"

Zornitsa padà lọ sí Stara Zagora lẹ́ẹ̀mejì sí i. Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò pé, ẹ̀rù kò gbàgbé rẹ̀ o. Ó dé kí ìwé tó dé. Àyà ń já, ọwọ́ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ ń wá ẹnu ọ̀nà. Zornitsa jẹ́ kó máa gbọ̀n. Ó rántí ewúrẹ́ tó bí ìbejì lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà òtútù, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ sórí ìwé. Ó kọ ìdáhùn kan, ó kọ èkejì. Ẹ̀rù jókòó tì í, òun náà ń kọ̀wé lọ. Ẹni tó bá dúró kí ẹ̀rù lọ tán kó tó gbéra, ilẹ̀ á ṣú u síbẹ̀ ni.

Olùṣọ́ ìdánwò rí ọwọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Ṣé o lè máa bá a lọ?"

Zornitsa gbọn orí sọ́tùn-ún sósì. Ó sì tún fi ẹnu sọ ọ́, kó má baà sí àṣìṣe: "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo lè ṣe é."